Àgádágodo Inú Sókàwéè

Kò sí ohun tí Humairah ò yẹ̀ wò kó tó ra ilé náà ní Ìwó. Ó gun àkàbà lọ wo páànù. Ó fi ìka kan ògiri yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kiri bí ẹni tó ń yan àgbọn lọ́jà. Ó mú ìwé ilẹ̀ lọ fún lọ́yà, ó sì tún mú un lọ fún lọ́yà kejì nítorí pé ẹ̀rín ẹnu lọ́yà àkọ́kọ́ ti pọ̀ jù. Ohun kan ṣoṣo tí kò ṣí wò ni sókàwéè ẹ̀yìn ilé, kòtò tí gbogbo ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ń ṣàn lọ. Ta ló sì ń ṣí irú ẹ̀ wò? Ṣé ẹni tó ń wá ìyàwó máa ń ní kóun rí ìfun rẹ̀ ni?

Sirajudeen tó ta ilé náà fún un, ọmọ Ìwó tó ti di ará Ìbàdàn, kàn fi àgbọ̀n tọ́ka sí i ni. "Bàbá wa ló gbẹ́ ẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Láti ọdún méjìdínlógójì, kò kún rí."

Inú Humairah dùn. Ẹ gbọ́ nǹkan o! Kòtò tí odindi ẹbí ń lò fún ọdún méjìdínlógójì tí kò kún, ibo ni nǹkan inú ẹ̀ ń gbà lọ? Kò béèrè. Ẹni tó ti fi ọdún mọ́kàndínlógún sanwó ilé fún onílé oríṣiríṣi, inú rẹ̀ máa ń tètè dùn.

Aránṣọ ni, yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló sì ń rán jù. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ méjì nínú mẹ́ta tó ní kó tó lè ra ilé yìí. Lọ́jọ́ tó kó wọlé, ó dúró láàárín pálọ̀ ó sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé, "Òkú mi nìkan ni wọ́n máa gbé jáde níbí."

Kò mọ̀ pé ẹnì kan dúró lẹ́bàá fèrèsé tó ń gbọ́ ọ.

*

Mùrí lẹni náà, àbúrò Sirajudeen. Inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí. Ìdí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n sin ibi rẹ̀ sí. Orí kọnkéré tí wọ́n fi bo sókàwéè yẹn ló ti kọ́ ayò títa, ibẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ ń sá láfún sí. Nígbà tí bàbá wọn kú, orúkọ Sirajudeen nìkan ló wà lórí ìwé. Sirajudeen ta ilé láìbi ẹnikẹ́ni, ó wá fi owó táṣẹ́rẹ́ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, bí ẹni fún ọmọdé lówó ìpápánu.

Mùrí ò lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà. Ìbàdàn jìnnà, ẹnu Sirajudeen sì mú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó ni Humairah.

Ó gun ọ̀kadà kọjá Kuta, ó yà sí abà kan tí kò ní pátákó orúkọ. Níbẹ̀ ló ti bá Fáwọlé oníṣègùn tó jókòó sórí àpótí, tó ń bó ẹ̀gẹ́. Fáwọlé ò gbójú sókè.

"Ṣé kó kú ni?"

"Rárá o, Bàbá! Kó kàn kó jáde ni. Kí ilé má gbà á."

"Orúkọ rẹ̀?"

Mùrí dárúkọ rẹ̀. Fáwọlé bó ẹ̀gẹ́ mẹ́ta tán kó tó dìde. Àgádágodo kékeré kan tí òwú dúdú wé láti orí dé ìdí ló gbé jáde. Ó tì í pa níṣojú Mùrí, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́.

"Ihò tí ilé fi ń mí ni kóo so ó sí. Ohun tó bá wọ ilé yẹn ò ní rọ́nà jáde mọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ o. Àgádágodo ò mọ ẹni tó ni ilé. Tí ìdúró bá sú u, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa tì."

Lọ́jọ́ tí Humairah lọ ra òwú lọ́jà, Mùrí gba oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìn ilé wọlé. Ó rìn kọjá lórí kọnkéré bó ṣe máa ń rìn ín láti kékeré, ó dé ìdí páìpù tí sókàwéè fi ń gba afẹ́fẹ́, tí orí rẹ̀ ti kán lẹ́bàá fẹ́ǹsì. Ó fi wáyà so àgádágodo náà, ó sì sọ̀ ọ́ sínú páìpù. Nígbà tí wáyà ná tán, ó gbọ́ nǹkan nísàlẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tó ń sùn mí kanlẹ̀ tó sì yí ẹ̀gbẹ́ padà. Mùrí sá kúrò níbẹ̀.

*

Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ láti lọ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó da omi sí i. Humairah á jí láàárọ̀, á bá a ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀, dúdú, tó dákẹ́ rọ́rọ́. Alángbá mẹ́ta kú sójú kan, gbogbo wọn kọrí sí ẹnu ọ̀nà àbájáde. Eṣinṣin bo yúnífọ́ọ̀mù tó rán sílẹ̀, àwọn ìyá ọmọ tó wá gba aṣọ sì ń dúró lójú títì, wọ́n ń fi gèlè bo imú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ẹ bá wa sọ ọ́ síbí."

Ó pe ọkọ̀ tó ń fa sókàwéè. Wọ́n fà á gbẹ lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀ ó ti kún. Kòtò tí kò kún rí láti ọdún méjìdínlógójì, tó wá ń kún láàárín ọjọ́ mẹ́ta! Ó pe Sirajudeen. Sirajudeen ní, "Ẹ̀yin lẹ rà á, Ìyá, ẹ̀yin lẹ ni ín." Ó pe Ayọ̀nitèmi bíríkìlà, Ayọ̀nitèmi ní òun ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀la di ọ̀tunla, ọ̀tunla di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èyí tó ń bí i nínú jù ni pé gbogbo ẹni tó bá ní kó júwe oníṣẹ́ fún òun ló ń sọ pé kó lọ gbàdúrà, gbogbo ẹni tó bá sì ní kó bá òun gbàdúrà ló ń sọ pé kó lọ wá oníṣẹ́. Ó ti sú u. Ó sú u dé ibi pé ó jókòó sórí pẹpẹ ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ kan, ó sì bú sókàwéè náà bí ẹni ń bú orogún.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń káàánú rẹ̀ ni Mùrí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá. Á bọ́ sálúbàtà aláwọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi òwú pupa lẹ okùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, á sì tò ó dáadáa sẹ́nu ọ̀nà.

"Humairah, ilé yìí ò fẹ́ èèyàn tí kì í ṣe tiwa. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà ọ́ o. Tó bá ti sú ẹ, ẹbí á gbà á padà, kí a fún ọ ní ohun tí agbára wa bá ká."

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá Mùrí," ni Humairah ń wí. "Ibo ni mo fẹ́ kó lọ? Mo ti ta ẹ̀rọ mi." Á sì tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

*

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, Humairah lọ kúnlẹ̀ níwájú Alfa Abdulmajeed, arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Alfa gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá a lẹ́nu.

"Ṣé o ti pe bíríkìlà?"

"Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ti ń bọ̀ lọ́la!"

Alfa mi orí. Ó gbé wàláà, ó kọ nǹkan sí i lójú méjèèjì, ó fi omi fọ ọ̀rọ̀ náà sínú kẹ́ẹ̀gì. Kò sọ ohun tó rí, Humairah náà ò sì láyà láti bi í.

"Ọjọ́ méje ni wàá fi wẹ hàntú yìí, láàárọ̀, lẹ́yìn Àsùbáà. Má wẹ̀ ẹ́ ní balùwẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ò gbọdọ̀ bá omi ìgbọ̀nsẹ̀ pàdé. Ìta ni kóo ti wẹ̀ ẹ́. Títí di Àlàásárì ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, má ṣe jẹ́ ìpè ẹnikẹ́ni tí o ò bá rí ojú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lé ọ jáde á pè ọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó bọ́ lára rẹ. Tóo bá dáhùn, ó ti lé ọ nìyẹn."

"Tó bá jẹ́ ohùn ẹni tí mo mọ̀ ńkọ́, Alfa?"

"Ohùn ẹni tóo mọ̀ náà ló máa lò. Ṣé ohùn àjèjì ni wọ́n fi ń tan èèyàn?"

Láti àárọ̀ Sátidé, Humairah fi páànù méjì sé ìgun kan mọ́ lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnkéré náà gan-an, nítorí pé ibòmíràn ò sí tí ojú èèyàn ò ní tó o. Omi hàntú náà á ṣàn gba ara rẹ̀, á ṣàn gba ilẹ̀, á wọ abẹ́ etí kọnkéré, kò sì ní jáde níbì kankan mọ́. Ilẹ̀ ń mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ tipẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Lọ́jọ́ kẹrin, bó ṣe ń wẹ̀, ó gbọ́ tí kọnkéré ké kẹ̀ẹ̀ẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré.

*

Láti ọjọ́ Ajé tí omi náà kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ yẹn gan-an, ìtọ̀ Mùrí ò jáde. Ìgbẹ́ ò jáde. Ó mu àgbo, ó mu oògùn ìyàgbẹ́, ó jókòó títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú. Ikùn rẹ̀ le koko bí odó. Ní Ọjọ́bọ̀, ó fi ìdajì ìdí jókòó sórí ọ̀kadà, ó sì tún forí lé abà Fáwọlé. Ilé ìwòsàn wà lójú ọ̀nà tó gbà kọjá. Kò yà.

"Mo ní kóo má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́," ni Fáwọlé wí, inú ń bí i. "Mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí mi ò sọ bẹ́ẹ̀? Obìnrin yẹn ti lọ bá ẹlòmíràn. Àgádágodo ti yíjú padà. Lọ yọ ọ́, kóo fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀."

"Tó bá ti fi nǹkan ṣọ́ ibẹ̀ ńkọ́, Bàbá?"

"Tóo bá bá ààlè níbẹ̀, bọ́ bàtà rẹ. Dúró níwájú rẹ̀, fi ẹsẹ̀ òsì jan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kóo sọ fún un pé ọmọ onílẹ̀ ni ọ́. Ààlè kì í mú ọmọ onílẹ̀." Ó tún mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó mú ẹ̀gẹ́. "Má tún padà wá síbí."

*

Ọjọ́rú tó ṣíwájú Ọjọ́bọ̀ yẹn ni Ayọ̀nitèmi bíríkìlà tó yọjú, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbé òòlù, ó kan kọnkéré níhìn-ín, ó kan án lọ́hùn-ún, ó ń dẹ etí. Lójijì ló fò sẹ́yìn.

"Mà, ta ló ń rìn lórí nǹkan yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Kó máa rí bẹ́ẹ̀. Irin inú ẹ̀ ti jẹra tán, ilẹ̀ etí ẹ̀ náà sì ti ń wọ́ lọ. Ọmọ adìyẹ gan-an ò gbọdọ̀ gorí ẹ̀. Ní Sátidé, màá wá fọ́ ọ, kí n da tuntun." Ó wò yíká. "Ẹ fún mi ní nǹkan tí mo lè fi sàmì síbẹ̀."

Yúnífọ́ọ̀mù pupa ni Humairah ń rán lọ́wọ́. Ó mú àjákù kan wá. Ayọ̀nitèmi já màrìwò lára ọ̀pẹ ẹ̀yìn ilé, ó fi aṣọ pupa náà so ó mọ́ orí igi gígùn kan, ó na igi náà láti òkèèrè, ó sì ki àmì náà bọ ibi tó ti sán láàárín gbùngbùn.

"Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ewu wà," ló wí.

Òótọ́ ló sọ. Ọmọ Ìwó wo ló máa rí aṣọ pupa àti màrìwò tí kò ní mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀? Irú ewu tó jẹ́ gan-an ni bíríkìlà ò kọ sára rẹ̀.

*

Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ ni Mùrí mú. Gbogbo ọkùnrin àdúgbò ti wà ní mọ́sáláṣí, ojú títì dá páro. Ó gba inú oko ẹ̀gẹ́, ó di ikùn rẹ̀ mú, kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò rẹ̀. Bó ṣe yọ sẹ́yìn ilé, ó rí aṣọ pupa. Ó rí màrìwò.

Ó fà sẹ́yìn sínú ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ààlè! Obìnrin tó ti ibikíbi wá, ó wá ń pa ààlè fún òun nínú ilé bàbá òun, lórí ibi tí ìyá òun ń sá láfún sí!

Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó tò ó dáadáa. Ó gun orí kọnkéré, ó sì dúró ṣánṣán níwájú àmì náà.

"Ọmọ onílẹ̀ ni mí," ló wí, ó fi ẹsẹ̀ òsì jan ilẹ̀.

Kò sí nǹkan.

"Ọmọ onílẹ̀ ni mí." Ó tún jan án. Nǹkan dáhùn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rọra dún bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn àtijọ́. Inú Mùrí dùn. Ààlè ti ń gbọ́.

"Ọmọ onílẹ̀ ni mí!"

*

Humairah wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tó gbọ́ ìró kan lẹ́yìn ilé, bí ìgbà tí àpò sìmẹ́ǹtì jábọ́ láti orí ọkọ̀. Ó dá ẹsẹ̀ dúró. Gbogbo ilé dákẹ́.

"Humairah!"

Abẹ́ ilẹ̀ ni ohùn náà ti ń bọ̀. Kò wá láti ojú títì, kò wá láti oko. Inú ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ lé lórí gan-an ló ti ń pè é.

"Humairah o! Humairah, gbà mí!"

Ó mọ ohùn náà. Ká ní kò mọ̀ ọ́n ni, ẹ̀rù tó bà á ì bá dín kù. Ó ku wákàtí mélòó kan péré kí Àlàásárì tó dé. Ọjọ́ méje tó ti wẹ̀ nínú òtútù, ẹ̀rọ méjì tó tà, ọdún mọ́kàndínlógún tó fi ń bẹ onílé, ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo ló máa wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́? Omijé bọ́ lójú rẹ̀, omijé ìbínú ni. Ẹ fi mí sílẹ̀, ló ń wí nínú. Ẹ fi mí sílẹ̀ nínú ilé mi!

Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń dún kíkankíkan, ó ń rán aṣọ pupa, ó rán an kọjá etí, ó ń rán afẹ́fẹ́. Síbẹ̀ ó ń gbọ́ ọ. Ó ń kà á láìfẹ́ kà á. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ìgbà kejìlá, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ ni wọ́n pè mọ́. "Màámi" ni.

Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan mọ́.

Humairah gbé orí lé ẹ̀rọ. Alhamdulillah, ló wí nínú ọkàn rẹ̀. Ó ti borí.

Nígbà tí ládánì pe Àlàásárì, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun, ó ṣàdúrà ọpẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àmì pupa ò sí níbẹ̀ mọ́. Páìpù ò sí níbẹ̀. Ihò ńlá kan ló la ẹnu sílẹ̀ níbi tí kọnkéré wà, ó ń mí. Sálúbàtà aláwọ̀ kan wà létí rẹ̀, wọ́n tò ó dáadáa, òwú pupa ló lẹ okùn ti òsì.

*

Nígbà tí wọ́n gbé Mùrí jáde, àgádágodo wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ti ṣí. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ayọ̀nitèmi tó fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé e wá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn náà, ó sì bì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sílẹ̀ geerege.

Dókítà ní afẹ́fẹ́ inú kòtò ló pa á. Ó ní bóyá ì bá yè ká ní ẹnì kan tètè dé. Ó tún ní bóyá ì bá kú náà bí ẹnì kan tilẹ̀ tètè dé. Bóyá, bóyá, ṣáá! Àwọn ará àdúgbò ń pa òwe ẹni tó gbẹ́ kòtò ìkà, wọ́n ń mi orí bí ọlọ́gbọ́n. Òwe yẹn ò tilẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu. Mùrí ò gbẹ́ kòtò kankan. Bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, fún ìlò ọmọ rẹ̀.

Humairah gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Alfa Abdulmajeed. Ó sunkún níbẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má dáhùn, Alfa."

Alfa gbé wàláà rẹ̀ sílẹ̀. "Mo ní ẹni tí o ò bá rí ojú rẹ̀, Humairah. Mi ò ní kóo má lọ wo ojú rẹ̀."

Sókàwéè tuntun ti wà níbẹ̀ báyìí, kọnkéré rẹ̀ nípọn. Kò sẹ́ni tó tún wá béèrè ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Sirajudeen ò pè, ẹbí ò yọjú. Ilé ti di ti Humairah pátápátá. Àwọn oníbàárà rẹ̀ náà ti padà, wọ́n sì ṣàkíyèsí nǹkan kan. Tí èèyàn bá dúró lójú títì pè é, kì í jẹ́ kí olúwarẹ̀ pe orúkọ náà tán kó tó dáhùn. Á ju aṣọ sílẹ̀, á sáré jáde láìwọ bàtà.

Nígbà mìíràn, ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀, nígbà tí ojú títì bá dá páro, àwọn obìnrin ilé kejì máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé rẹ̀. "Mò ń bọ̀ o! Mò ń bọ̀!" Kò sì sí ẹni tó pè é.